Ìtọ́jú tó dúró lójú pópó: ọ̀rọ̀ Tyra Hunter ní Washington, 1995

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1995 ni ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ ní oríta òpópónà 50th àti C, lápá gúúsù ìlà oòrùn Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Tyra Hunter wà nínú ọkọ̀ tó ní ìjàm̀bá náà. Òun kọ́ ló ń wà á. Ọmọ ọdún 24 ni, aláwọ̀ dúdú ni, iṣẹ́ onídìrí ló ń ṣe. Akọ ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n láti ìgbà ọ̀dọ́langba rẹ̀ ló ti ń gbé ayé bí obìnrin, Tyra sì ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é. Ọjọ́ náà gan-an ló kú sí yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì nílé ìwòsàn D.C. General.

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ sí i láàárín ìgbà tí ọkọ̀ náà forí sọ àti ìgbà tó mí èémí ìkẹyìn, ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ lójú títì, èkejì ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí ló máa ń pò ó pọ̀, wọ́n á ní panápaná kan ló pa á torí pé ó kórìíra irú wọn. Mi ò ní pò ó pọ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ gbọ́, tó sì dá lẹ́jọ́, wúlò fún wa ju ìtàn kúkúrú yẹn lọ.

Àwa tí mò ń wí ni àwa ọmọ Yorùbá tí à ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ní Washington àti ní Prince George's County ní Maryland, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ó ṣòro kéèyàn wọ ilé ìwòsàn kó má gbọ́ kí nọ́ọ̀sì kan máa sọ fún èkejì pé "ẹ kú iṣẹ́, mà." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní London àti ní Houston, ká má tíì dárúkọ UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó. Ẹni bíi Tyra yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti ń dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Òun ni mo ṣe fẹ́ kí a mọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe jẹ́.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa gígé aṣọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fara pa nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, a kì í bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀. Bí o bá ń fà á síwá sẹ́yìn, o lè ba eegun ẹ̀yìn tó ti sán jẹ́ pátápátá. Ńṣe là ń gé e. Àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé e nípọn, ẹnu rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ kò mú, ó rí pẹlẹbẹ kó má baà gún ara aláìsàn. O máa ki ẹnu pẹlẹbẹ yẹn bọ abẹ́ aṣọ níbi ọrùn ẹsẹ̀, o máa gbé e gòkè: orúnkún, itan, ìgbànú. Jíínsì tó le jù kì í pẹ́ fún ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà lo máa ṣí aṣọ náà sọ́tùn-ún sósì, tí o máa wo ara.

Ẹ̀jẹ̀ là ń wá. Èyí tó ń dà síta, afọ́jú pàápàá á mọ̀ ọ́n nípa ọ̀rinrin rẹ̀. Èyí tó ń dà sínú ló ń pani. Egungun itan tó bá kán lè mú ẹ̀jẹ̀ tó lé ní lítà kan pamọ́ sínú ẹran itan láìsí ojú ọgbẹ́ kankan níta. Egungun ìbàdí tó bá là burú jùyẹn lọ. Ikùn lè máa le díẹ̀díẹ̀. Apá kan àyà lè má gbéra dáadáa nígbà tí aláìsàn bá ń mí. Gbogbo èyí, ojú ló ń rí i, ọwọ́ ló ń gbọ́ ọ lára, aṣọ kì í jẹ́ kéèyàn rí i. Bí a bá ti wò ó tán, a ó fi kúbùsù bò ó kíá, torí pé bí ara bá tutù, ẹ̀jẹ̀ kì í dì dáadáa.

Rírí ìhòòhò ènìyàn, nígbà náà, wà lára iṣẹ́ wa. Ojú wa sì ń rí nǹkan. A ń rí àpá iṣẹ́ abẹ tí aláìsàn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A ń rí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, a ń rí gbẹ́rẹ́, a ń rí ońdè tí wọ́n so mọ́ ìbàdí. Mi ò tíì rí nọ́ọ̀sì tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró torí pé ó bá ońdè lára aláìsàn. Ìbáà jẹ́ ìyàwó pásítọ̀ ni, á tì í sápá kan, á máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá fẹ́, kó gbàdúrà sí i tó bá délé.

Lójú títì ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ṣe jẹ́rìí, òṣìṣẹ́ panápaná kan tó gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára Tyra. Wọ́n ti gbé e jáde, ó wà nílẹ̀, ó ṣì wà láàyè. Òṣìṣẹ́ náà gé ṣòkòtò rẹ̀. Ó rí i pé nǹkan ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ kúrò lára aláìsàn, ó sì sọ̀rọ̀ èébú sí i lójú gbogbo ènìyàn. Mi ò ní kọ èébú náà síbí. Èébú nípa ara rẹ̀ ni, èébú sì tún ni fún ẹni tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Àwọn tó dúró ti ìjàm̀bá náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ òṣìṣẹ́ yẹn. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, wọn kì í ṣe dókítà. Ará àdúgbò ni wọ́n. Wọ́n ń kígbe pé kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, pé ènìyàn ló wà nílẹ̀ yẹn. Ibí yìí ni ọkàn mi máa ń dúró sí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Èrò ọ̀nà tí kò gba ẹ̀kọ́ kankan mọ ohun tó yẹ kí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ ṣe, ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ ni kò ṣe é. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ kí ìtọ́jú tó padà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí kò fẹnu kò lórí iye ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí bí ẹ̀rù bá ń ba àwọn tó ń wòran.

Wọ́n gbé e lọ sí D.C. General. Fún ẹni tí kò mọ Washington ìgbà náà, ilé ìwòsàn ìjọba ìlú ni, ibẹ̀ ni àwọn tálákà apá ìlà oòrùn ìlú náà ń lọ. Ọdún 2001 ni ìjọba ìlú fòpin sí gbígba aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Ní ọdún 1995, yàrá pàjáwìrì rẹ̀ kì í sinmi.

Ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú Tyra. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí èyí ṣe máa ń rí, torí pé ẹjọ́ náà dá lé e. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kan tó lítà márùn-ún. Bí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le bá ń pàdánù ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ máa ń jà. Ọkàn á máa sáré, iṣan á fún, awọ ara á tutù, yóò funfun. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dúró bó ṣe wà títí tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi máa lọ, èyí tó tó lítà kan àbọ̀. Lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá ń wo ìfúnpá nìkan máa rò pé aláìsàn ń ṣe dáadáa, nígbà tí ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, tó rí i pé ó tutù, tó sì ka bí ọkàn ṣe ń lù, ti máa ké sí oníṣẹ́ abẹ. Ìtọ́jú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú àyà kí o ki rọ́bà bọ̀ ọ́ kó lè jáde, kí o sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa là á, tó máa dí ibi tó ń jò. Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Wọ́n ti ń kọ́ ọ kí wọ́n tó bí Tyra.

Ẹ̀rí tó jáde nílé ẹjọ́ ni pé bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, tí wọ́n sì fà á lé oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ bó ṣe yẹ, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrètí pé yóò yè. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá fara pa báyẹn, 86 ló máa padà sílé. Wọn kò ṣe é. Ó ṣẹ́jẹ̀ sínú títí ó fi kú.

Ìyá rẹ̀, Margie Hunter, ló pe ìjọba ìlú lẹ́jọ́. Ṣáájú ìyẹn, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn tó wá síbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Ìlú ti gbọ́. Àwọn tó mọ Tyra lórí àga irun wá, àwọn tó jọ ń gbé ìgbé ayé kan náà wá, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rárá wá. Bí òbí kan bá pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ikú ọmọ tí àwọn kan ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú títì, ó mọ̀ pé wọ́n á tún gbé ara ọmọ náà kalẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lápá ọ̀tún, lápá òsì. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta kí ìdájọ́ tó jáde.

Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà, dá Margie Hunter láre. Owó tí wọ́n ní kí ìjọba san sún mọ́ mílíọ̀nù 2.9 dọ́là. Ìpín rẹ̀ ni ká wò dáadáa. 600,000 dọ́là wà fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì: ìtọ́jú tí wọ́n dá dúró àti èébú tí wọ́n bú u. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là wà fún ìrora tó jẹ nílé ìwòsàn nítorí ìtọ́jú tí kò tọ́. Ìyókù wà fún àdánù mìíràn. Ní ọdún 2000, ìjọba ìlú àti ìyá náà fẹnu kò sí mílíọ̀nù 1.75 dọ́là, ẹjọ́ sì parí síbẹ̀.

Wo ohun tí àwọn ará ìlú yẹn ṣe. Wọn ò sọ pé èébú ló pa Tyra. Wọ́n ní nílé ìwòsàn ni wọ́n ti já ẹ̀mí rẹ̀ jù sílẹ̀, nípa ìtọ́jú tó kù díẹ̀ káàtó, ìyẹn sì ni owó ṣe pọ̀ sí níbẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n wọn ò tìtorí pé ibòmíràn ló ti kú kí wọ́n wá foju fo ti ojú títì. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, fún ara rẹ̀, yálà ó pa á tàbí kò pa á. Ẹni tó bá dáwọ́ ìtọ́jú dúró torí irú ẹni tí aláìsàn jẹ́ ti ṣẹ̀, ká tiẹ̀ ní aláìsàn náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí a bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú yàrá ìsinmi, ohun tí màá gbọ́ ni pé, "Ṣé bí ò bá bú u, ṣé kò ní kú ni?" Wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ pé bí èébú kò bá pànìyàn, kò já mọ́ nǹkan kan. Júrì ti dáhùn ìbéèrè yẹn, ó sì fi 600,000 dọ́là dáhùn rẹ̀.

Ìdí kejì tí mi ò fi fẹ́ pò ó pọ̀ ni pé mi ò rí ohun kankan nínú ìdájọ́ náà tó sọ pé dókítà tó wà nídìí Tyra kórìíra rẹ̀. Ohun tí wọ́n dá a lẹ́bi fún ni iṣẹ́ tí kò ṣe bó ṣe yẹ. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni ìyà kan náà máa jẹ. Èyí le láti gbọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn Tyra, òótọ́ ni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní pàjáwìrì mọ ohun mìíràn pẹ̀lú. Aláìsàn kì í dé inú ilé ìwòsàn lófìfo. Ọ̀rọ̀ máa ń bá a wọlé. Àwọn tó gbé e wá á sọ fún àwọn tó gbà á pé irú ẹni báyìí ni, ohùn tí wọ́n sì fi sọ ọ́ ló máa ń pinnu bí ẹsẹ̀ ṣe máa yá tó. Mo ti gbọ́ kí wọ́n fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀ nípa ọ̀mùtí, nípa asínwín, nípa ẹni tó ń ta ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò lè díwọ̀n ohùn. Àwa tí à ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ lè díwọ̀n rẹ̀.

Òfin tó wà ní Washington nígbà náà ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti ọdún 1977. Ó ti dárúkọ irú ẹni tí èèyàn ń fẹ́, ó sì ti dárúkọ ìrísí èèyàn, pé a kò gbọ́dọ̀ torí wọn ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Kò tíì dárúkọ àwọn tó ń gbé ìgbé ayé tó yàtọ̀ sí akọ tàbí abo tí wọ́n bí wọn. Àtúnṣe tó dárúkọ wọn ní tààràtà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2006, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ikú Tyra. Àjọ Transgender Health Empowerment tó wà ní ìlú náà nígbà kan sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ibùdó kan tí irú wọn lè wọlé sí.

Ẹnìkan á ní, Amẹ́ríkà nìyẹn o, tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo tiwa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó lòdì sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ràn án lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ààrẹ kan náà buwọ́ lu òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè. Abala 20 nínú rẹ̀ sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Abala 26 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn.

Òfin àkọ́kọ́ yẹn, mo ti kà á láti orí dé ìdí. Kò sí ibi tó ti ní kí nọ́ọ̀sì má tọ́jú ẹnikẹ́ni. Kò sí ibi tó ti ní kí dókítà lọ fi aláìsàn sùn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń ní òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n ń sọ. Ìbẹ̀rù tí òfin náà dá sílẹ̀ kúkú ti dé ilé ìwòsàn: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò ní Abuja, tí ìwé ìròyìn Lancet HIV gbé jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn tó ń bẹ̀rù láti lọ gba ìtọ́jú pọ̀ sí i lẹ́yìn òfin náà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù wa kì í wá nígbà tí àìsàn ṣì kéré.

Ọmọ Nàìjíríà tún mọ irú ìyà yìí lọ́nà mìíràn. Ìdílé mélòó ni kò ní ẹni tí ìbọn adigunjalè bà, tí ilé ìwòsàn ní àwọn ò ní fọwọ́ kàn án àfi kó mú ìwé ọlọ́pàá wá? Àwọn ènìyàn kú sí ẹnu géètì. Ọdún 2017 ni òfin pàtàkì kan wá sọ pé dandan ni kí gbogbo ilé ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Inú bí gbogbo wa sí àwọn tó ń béèrè ìwé yẹn, a kò sì fi ìgbà kan rí béèrè bóyá ọmọlúàbí ni ẹni tó ń ṣẹ́jẹ̀. Ìbínú kan náà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ Tyra bí nínú wa.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ọ̀pọ̀ àwọn àbúrò tí mo bá ṣiṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé, "Mà, ẹ̀rí ọkàn mi ò gbà á." Mi ò bá wọn jà lórí ẹ̀rí ọkàn. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé kí ni iṣẹ́ náà ní kí wọ́n fara mọ́? Kò sẹ́ni tó ní kí panápaná yẹn fọwọ́ sí ìgbé ayé Tyra. Ohun tí iṣẹ́ ní kó ṣe kò ju pé kí ó máa wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Ìbúra àwọn dókítà tí àjọ ìṣègùn àgbáyé ṣe ní Geneva ní 1948, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2017, dárúkọ ẹ̀sìn, ẹ̀yà, òṣèlú, akọ tàbí abo àti irú ẹni tí èèyàn ń fẹ́, pé ìkankan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ dí ojúṣe dókítà sí aláìsàn lọ́nà. Ẹ̀sìn ló wà níbẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ìyókù, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ohun tó ń dáàbò bo Mùsùlùmí tó bọ́ sọ́wọ́ dókítà Kìrìsìtẹ́nì náà ló ń dáàbò bo Tyra.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí a ṣe bí ẹni tí kò rí ara aláìsàn. Ní 2019, ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine kọ nípa ọkùnrin ẹni ọdún 32 kan, ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin, tó wá sí ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú inú rírun. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé wọ́n bí òun ní obìnrin, ó sì sọ pé òun ti yẹ ara òun wò nílé, àyẹ̀wò náà sì ní oyún wà níkùn òun. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin tó sanra tí ìfúnpá rẹ̀ ga ni, wọ́n ní kó jókòó. Oyún ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó mọ̀, òkú ọmọ ni wọ́n gbé jáde. Kò sẹ́ni tó bú u. Kò sí ẹni tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n kàn gbọ́ ohun tó sọ, wọ́n ò sì lò ó.

Nítorí náà, ẹ béèrè. Ẹ béèrè orúkọ tó ń jẹ́, kí ẹ sì fi pè é. Orúkọ tó wà lórí káàdì rẹ̀ ní ìwúlò tirẹ̀ fún ìwé àti owó, kò dí èyí lọ́wọ́. Ẹ béèrè nípa ara rẹ̀ ohun tí ìtọ́jú ọjọ́ náà nílò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fi ọwọ́ kán kò jẹ yín ní gbèsè ìtàn ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ẹni tí kò lè tọ̀, ẹ ní láti mọ̀ bóyá ó ní ẹṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní prostate, èyí tó máa ń wú lára ọkùnrin àgbàlagbà, ohun yòówù kó wọ̀ sọ́rùn. Ẹ fa kọ́tìnnì kí ẹ tó béèrè. Kí àwọn tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ má wá wòran: mo ti rí i kí yàrá kan kún lójijì torí pé wọ́n gbọ́ irú ẹni tó wà nínú rẹ̀, mo sì lé gbogbo wọn jáde.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni nípa ẹjọ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, ìyẹn nípa àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tó wà lójú títì ọjọ́ náà. Panápaná kì í dá jáde. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bá rìn. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, àwọn ẹlòmíràn tó wọ aṣọ kan náà wà nítòsí, ohùn àwọn èrò ló sì kọ́kọ́ ké. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn nínú wọn bọ́ sídìí iṣẹ́ náà, ìtọ́jú sì tẹ̀ síwájú. Ìṣẹ́jú tó wà láàárín yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sẹ́nu iṣẹ́ yín. Bí ẹnìkejì yín bá gbé ọwọ́ kúrò lára aláìsàn, ẹ má dúró kí ọ̀gá dé. Ẹ gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó bọ́ sẹ́yìn, kí ẹ máa bá ibi tó dé lọ. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún un níbẹ̀ pé kó panu mọ́, aláìsàn ń gbọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀ ṣì lè máa gbọ́ràn ju bí a ṣe rò lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú aago, pẹ̀lú orúkọ, kí ẹ sì fi orúkọ tiyín sí i.